Ọmọ Tí Wọ́n Dá Padà Síbi Tí Kò Dé Rí

Lálaalẹ́, bí a bá ti kírun Mọ̀gàríbì tán, ìyá mi á ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n, kí n wá jókòó ti àwọn, kí n máa túmọ̀ ẹjọ́ ọmọ wọn fún wọn.

Ẹjọ́ kankan ò sí níbẹ̀. Ètò kan ni wọ́n máa ń ṣe láti ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọkùnrin onítáì bíi mẹ́rin àti obìnrin kan á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa jiyàn lórí àwọn àjòjì tó wà nílùú wọn: ká lé wọn, ká má lé wọn, ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, ta ni yóò tì í. Àbúrò mi ọkùnrin wà lára àwọn àjòjì náà. Nílé tiwa, bí àgbàlagbà márùn-ún bá jókòó yíká nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ń pariwo mọ́ra wọn, ọ̀rọ̀ ọmọ ẹnì kan ni wọ́n ń bá a yanjú. Ìyá mi wò ó, wọ́n gbà pé ọmọ àwọn ni.

Mo sọ fún wọn títí. Mo ní, "Màámi, wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n bí i."

Wọ́n ní, "Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, kí ló wá ń bí wọn nínú tó báyìí?"

Mo tan tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá mi ti pẹ́ ní Bouaké, nílẹ̀ Côte d'Ivoire. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti mú wọn wá fún bàbá mi ní ìyàwó, ìgbà tí ọjà ṣì dùn. Wọ́n gbọ́ Jùlá ju àwọn kan tó ni ín lọ, wọ́n sì lè fi Baulé bú èèyàn kó dé ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé, wọ́n ní èdè ọ́fíìsì ni, àwọn ò sì ní ọ́fíìsì. Àdúgbò Kennedy là ń gbé. Ìsọ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà ní àdúgbò Nimbo, níbi tí mótò-tàsí, ọ̀kadà akérò, ti pọ̀ bí eṣinṣin, èmi ni mo sì jókòó tì í láti ìgbà tí wọ́n ti kú. Ṣéènì mótò, bíréèkì, dígí ìwẹ̀yìn, ohun tí mò ń tà nìyẹn. Ọkùnrin tó bá wọlé tó bi mí pé ọ̀gá dà, tiẹ̀ máa ń wọ́n díẹ̀ sí i.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àbúrò mi ti wà lọ́hùn-ún nígbà tí mò ń wí yìí. Bó ṣe dé ibẹ̀, kò sọ fún wa, a ò sì bi í. Ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan. Ó ń gbé pẹ̀lú obìnrin ará Màlì kan tó ní pàpíyé, ìwé ìgbélùú, wọ́n sì ti bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Pàpíyé tí ìyá rẹ̀ ní ò ran bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá lé bàbá, ìyá ò ní tẹ̀lé e, ọmọ náà ò sì ní tẹ̀lé e. Àbúrò mi ló ń mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi láàárọ̀, òun náà ló ń di irun rẹ̀. Irun náà burú jáì, mo rí i nínú fídíò, mo sọ fún un, ó ní ọmọ náà fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni wọ́n máa ń pè wá.

Ìyá mi ti pín àwọn ara tẹlifíṣọ̀n sí méjì. Apárí kan wà níbẹ̀ tí kì í pariwo. Wọ́n ní ẹni tó wà lẹ́yìn ọmọ àwọn nìyẹn, wọ́n sì ń ṣàdúà fún un lẹ́yìn ìrun. Obìnrin náà, tó máa ń wọ kóòtù búlúù tó sì máa ń na ìka, ọ̀tá ni. Bẹ́ẹ̀, apárí yẹn gan-an ló ní kí wọ́n máa kó gbogbo wọn sínú bàálù kíákíá, ó kàn máa ń rọra sọ ọ́ ni. Obìnrin yẹn ló ń jà pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò tú àṣírí náà. Àdúà ti jáde lẹ́nu, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á padà.

Mo máa ń yí ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí mo bá ń túmọ̀. Èyí tó bá le jù, mo máa ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Lọ́jọ́ kan tí ó rẹ̀ mí, mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀kan ní ilé àwọn ti kún.

Ìyá mi ní, "Kí wọ́n tẹ́ ẹní sí pálọ̀."

Mo ní ó tún ní àwọn àjòjì ò mọ àṣà àwọn.

"Ṣé wọ́n kọ́ wọn?"

Mo ní ó ní wọ́n ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn ọmọ ìlú lọ́wọ́.

Wọ́n yíjú sí mi. "Abọ́ tó ń fọ̀ yẹn náà?"

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn wọ́n jù lọ ni pé ọmọkùnrin wọn ò sí níbẹ̀ rí. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń wò ó bóyá wọ́n á gbé àga kan wá fún un. Wọ́n ní irú ìpàdé wo nìyẹn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí wọn ò sì ní kó wá sọ tẹnu ẹ̀. Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò ní yanjú láéláé, wọ́n sì dìde lọ sùn.

Ẹ má rò pé èmi náà fẹ́ràn àjòjì o. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti Nàìjíríà ti gba Nimbo kan. Ọjà tí mò ń tà ni wọ́n ń tà, wọ́n ń já a wálẹ̀, wọn ò gbọ́ Jùlá, wọn ò sì kí èèyàn láàárọ̀. Mo dìde nínú ìpàdé àwọn ọlọ́jà, mo ní ó yẹ kí ẹnì kan bá wa dá wọn dúró ní bọ́dà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹni tó pàtẹ́wọ́ jù, òun ló máa ń sọ lẹ́yìn mi pé àwa Anago, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbí, ti pọ̀ jù nílùú àwọn. Ìyẹn ò kan ti ìpàdé.

Bouaké ni wọ́n bí àbúrò mi sí, bí wọ́n ṣe bí èmi náà. Ṣùgbọ́n wọ́n lè bí ọ sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọba níbí kí o má sì jẹ́ ọmọ ìjọba. Káàtì kọ́nsúlà Nàìjíríà la fi ń rìn, Nàìjíríà tí àbúrò mi ò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Nígbà tó dé ilẹ̀ Faransé tó ní kí wọ́n dáàbò bo òun, ogun ìlú wa ló sọ fún wọn. Wọ́n ní ogun yẹn ti parí. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun wà níbẹ̀ nígbà tí ò tíì parí. Wọ́n kọ̀wé sí i pé kó máa lọ. Kò lọ, nítorí ọmọ. Wọ́n mú un láàárọ̀ ọjọ́ kan níbùdókọ̀ ojú irin, wọ́n tì í mọ́ ilé kan nítòsí pápákọ̀ òfuurufú.

Àwọn tó bá níbẹ̀ kọ́ ọ lọ́gbọ́n kan. Wọ́n ní wọn ò lè gbé ẹ sínú bàálù bí kò bá sí ìlú tó ní tòun ni ẹ́. Nítorí náà, má jẹ́ kí ìlú kankan mọ̀ ẹ́. Bí ìgbà tí òfin ní kí wọ́n fi dè ẹ́ mọ́lẹ̀ bá pé, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, wàá sì padà sílé ẹ. Àbúrò mi gbà, kò sì fi káàtì rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú ará kọ́nsúlà Côte d'Ivoire wá. Ìyẹn wo orúkọ rẹ̀, ó ní, "Anago lèyí, kì í ṣe tiwa," ó sì lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo gbọ́, mo ṣàdúà fún un. Ó wá ku Nàìjíríà. Bí Nàìjíríà náà bá ti lè ní òun ò mọ̀ ọ́n, ó bọ́ nìyẹn.

Ó múra sílẹ̀ dáadáa. Ó ní òun ò ní gbọ́ Yorùbá lọ́jọ́ tí ará kọ́nsúlà Nàìjíríà bá dé. Bí wọ́n bá bú òun ní Yorùbá, òun á máa wo ògiri. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín, òun ò ní rín. Ó ń fi ojú náà dánra wò níwájú dígí ilé ìwẹ̀. Ó ṣe é fún mi nínú fídíò, ó rí bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ọjọ́ pé. Ilẹ̀kùn ṣí. Àgbàlagbà kan wọlé, irun orí rẹ̀ funfun báláú, ó fi ọ̀pá tilẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan. Kò tíì rí àga tó máa jókòó sí. Àbúrò mi ti wà nílẹ̀ gbalaja, ó ti dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ wà lórí táìsì tútù níwájú ọlọ́pàá méjì.

Ó ní òun ò ronú. Ó ní nígbà tí òun máa mọ̀, òun ti ń wo bàtà bàbá náà.

Bàbá náà ní, "Dìde, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún ẹ ní ẹ̀mí gígùn." Wọ́n jókòó, wọ́n mú bírò, wọ́n buwọ́ lùwé pé ọmọ Nàìjíríà ni. Wọn ò bi í ní ìbéèrè kankan. Àbúrò mi ní wọ́n ṣèèyàn.

Nígbà tó ń sọ èyí fún mi lórí fóònù, ariwo tí mo pa, àwọn ará ilé kejì yọjú. Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ìwọ tó jẹ́ pé bí o bá ń kí èmi, díẹ̀ báyìí lo máa ń tẹ̀! Ìgbà tó wá yẹ kí o dúró bí igi, ìgbà yẹn lo wá di ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú." Mo ní mo bínú.

Ìyá mi ní kí ló wí. Mo ní Yorùbá ló sọ, ẹ gbọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ṣé irun bàbá náà funfun?"

Mo ní ó ní báláú.

"Kí lo wá fẹ́ kó ṣe?"

Omi wà lójú wọn, wọ́n sì gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n yin ọmọ rẹ̀ níléèwé. Mi ò mọ èyí tí mo máa bá wí nínú méjèèjì. Mo lọ gbé omi kaná.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé e. Wọn ò jẹ́ kó rí ọmọ kó tó lọ. Ìyá ọmọ ní òun sọ fún ọmọ náà pé bàbá rẹ̀ lọ kí ìyá rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, ó máa tó dé. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ kan wá pè mí ní ìsọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà ní Èkó."

"Kí lo ń wá ní Èkó?"

"Wọ́n ní wọ́n dá mi padà sílé ni."

Ó ní ọ̀gbẹ́ni tó yẹ ìwé òun wò ní pápákọ̀ ní, "Káàbọ̀ sílé." Òun dúpẹ́, òun wá bi í pé ọ̀nà wo ló jáde síta. Ọ̀gbẹ́ni náà rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Níta, ó bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀, ìyẹn gbọ́ Yorùbá rẹ̀, ó ní ará Kútọnu ni, ó sọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ará Kútọnu fún un. Mo fi ohun tó máa fi wọkọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó gba bọ́dà kan lẹ́yìn òmíràn. Ní bọ́dà tiwa, ọlọ́pàá bi í pé níbo ló ń lọ. Ó ní ilé. Ọlọ́pàá yí káàtì rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ilé ẹ kọ́ lo ti ń bọ̀ yẹn?"

Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, báàgì ọ̀rá lọ́wọ́. Ìyá mi ò sunkún. Wọ́n fọwọ́ pa á lára láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní ó ti rù, wọ́n ní kí n má kàn dúró síbẹ̀, kí n bu oúnjẹ. Wọ́n ń sọ Alihamudu lilahi láìdánudúró. Láti ọjọ́ náà, wọn ò ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n mọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, ẹni tí wọ́n ń torí ẹ̀ jà ti wálé. Wọ́n ní àdúà àwọn lórí apárí yẹn gbà. Lójú mi náà, ó gbà.

Mo mú un lọ sí ìsọ̀. Ọkùnrin ọlọ́jà tó pàtẹ́wọ́ jù fún mi nípàdé dúró lójú ọ̀nà, ó wò ó, ó fi Faransé bi mí pé ṣé èmi tí mo ní kí wọ́n ti bọ́dà ni mo tún kó Anago tuntun wọlé. Kí n tó lanu, àbúrò mi ti fi Baulé kí i, ó kí ìyàwó rẹ̀, ó kí àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu. Ó ní, "Háà! Eléyìí mà tètè kọ́ ọ!"

Mo ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n lè ṣe. Mo lọ sí ọ́fíìsì kan níbí láti béèrè bóyá wọ́n lè sọ ọ́ di ọmọ Côte d'Ivoire, bóyá ìwé yẹn á fún un lọ́nà láti lọ wo ọmọ rẹ̀. Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ ní èèyàn ní láti ti máa gbé nílùú láìkúrò. Ó ní, "Tiẹ̀, ó ti jáde nílùú pẹ́ jù." Mo pe ọ́fíìsì ti Faransé lórí fóònù. Ẹni tó gbé e ní wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún pé kò gbọdọ̀ wọlé fún ọdún gbọọrọ. Mo bi í pé kí ló ṣe. Ó ní kò lọ nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ. Mo ní ó ti wá lọ báyìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun, madámù.

Àbúrò mi ń jí, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹun. Kì í bá wa jiyàn mọ́, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí láti kékeré ló ti jẹ́ aláríyànjiyàn. Sátidé nìkan ló máa ń fá irùngbọ̀n. Á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, á jókòó sídìí fèrèsé pálọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dáa, á máa dúró de fóònù. Ọmọ náà á fi bàtà hàn án, á fi eyín tó ń mì hàn án, á kọrin iléèwé. Òun á máa wí pé, "Ó dáa, ó dáa gan-an." Bí ọmọ náà bá ti bi í pé ìgbà wo ló ń bọ̀, á ní láìpẹ́, á sì gbé fóònù fún ìyá wa.

Ìyá mi fẹ́ràn àkókò yẹn. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń kí ọmọ náà ní Yorùbá títí ó fi máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mò ń túmọ̀ láàárín wọn. Ìyá mi ò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ò fẹ́ kí ọmọkùnrin àwọn tún rin ìrìn àjò kankan mọ́, ì báà jẹ́ Marabadiassa tó wà lẹ́bàá wa níbí. Wọ́n ní bí àánú bá wà, kí wọ́n fi ọmọ ránṣẹ́ wá.

Sátidé kan báyìí, ọmọ náà ò fi bàtà han ẹnikẹ́ni. Ó ní ìyá àgbà lòun fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Àbúrò mi gbé fóònù sórí tábìlì, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Ìyá mi tẹ̀ síwájú, wọ́n tún gèlè wọn ṣe.

Ọmọ náà sọ ọ́ ní Faransé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó ti kọ́ ọ sórí: "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá mi padà wálé. Ó ti pẹ́ jù lọ́dọ̀ yín."

Ìyá mi yíjú sí mi. "Kí ló wí?"

Ọ̀rọ̀ àwọn onítáì ni mo mọ̀ ọ́n yí. Ti ọmọ yìí, mo wá ibi tí mo máa gbà yí i, mi ò rí. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹnu ìyá mi ṣí sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n ní, ohùn wọn sì ti kéré, "Sọ fún un pé èmi kọ́ ni mo mú un dání. Sọ fún un kó gbọ́ ọ dáadáa. Èmi kọ́."

Mo sọ fún un. Ó ní, "Ta wá ni?"

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ìyá mi wo àbúrò mi. Èmi náà wò ó. Faransé rẹ̀ dáa ju tèmi lọ, òun sì ni bàbá ọmọ. Ó gbé ojú sókè. Ó fọwọ́ bo àgbọ̀n rẹ̀ tó fá.

Ọmọ náà ní, "Àló? Ìyá àgbà? Ta ni?"

Mo mú fóònù. Mo ní, "Résò fóònù ò dáa, ọmọ mi, a ò gbọ́ ẹ," mo sì pa á.

Résò dáa. Gbogbo wa la gbọ́ ọ.